Páásípọ́ọ̀tù Inú Àpò Ìrẹsì

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bímọ sí ìlú òyìnbó, ó sì ní kí ìyá òun wá bá òun wẹ ọmọ. Aṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi ń rán ní Amukoko. Wọn kò wọ ọkọ̀ òfuurufú rí. Wọ́n kó páásípọ́ọ̀tù àti owó físà fún ọkùnrin kan tó ní ọ́fíìsì ní Malu Road, tó ní òun máa bá wọn ṣe é. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá béèrè, á ní ẹ́ńbásì kò tíì dáhùn. Nígbà tó sú ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n lọ wádìí ní ẹ́ńbásì fúnra wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní kò sẹ́ni tó mú orúkọ wọn wá rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwa méjèèjì jọ lọ bá ọkùnrin náà. Bó ṣe rí wa báyìí, ojú fèrèsé ló bá jáde. Mo lé e bá lẹ́yìn tírélà kan, mo fún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ pọ̀, ó sì gé mi jẹ lápá.

"Olè!" ni mo ké.

Igbe kan yẹn ti tó. Àwọn mẹkáníìkì àtàwọn awakọ̀ tírélà ya bò wá. Sípánà ba ọkùnrin náà lẹ́nu, eyín jábọ́. Wọ́n fa aṣọ rẹ̀ ya, wọ́n fi táyà kọ́ ọ lọ́rùn. Òórùn pẹtiróòlù gba imú mi.

"Bros, shift make I pour am!" ẹnì kan jágbe mọ́ mi.

Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti já wọ àárín èrò, wọ́n sì sùn lé ọkùnrin náà lórí. Pákó tí ẹnì kan ti jù sókè kò ṣeé dá dúró mọ́. Apá ẹ̀gbọ́n mi ló bà. Mo gbọ́ bí eegun ṣe dún.

"Páásípọ́ọ̀tù mi dà?" ni wọ́n ń ké. "Ṣé òkú ló máa gbé e fún mi?"

Ẹni tó gbé pẹtiróòlù dání gbé e sílẹ̀. Ọkùnrin náà fi ẹnu ẹlẹ́jẹ̀ sọ pé ó wà nínú àpò ìrẹsì nílé òun. A pe ọlọ́pàá, wọ́n sì bá wa débẹ̀. A bá a lóòótọ́, pẹ̀lú ti àwọn ẹlòmíràn tí a kò mọ̀ rí.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi fúnra wọn lọ tẹ̀ka fún físà, apá wọn ṣì wà nínú sìmẹ́ǹtì ọsibítù. Ìka tó wú nìkan ló yọ síta. Ọmọbìnrin ìdí ẹ̀rọ ń bẹ̀rù láti fọwọ́ kàn án.

"Tẹ̀ ẹ́ jàre," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, wọ́n sì wa eyín pọ̀.

Físà jáde. Ọmọ tí wọ́n fẹ́ lọ wẹ̀ ti ń sáré kiri ilé kí wọ́n tó débẹ̀.