Omi Òkun Tó Ń Wọ Ọkọ̀ Ojú Irin

Ọkọ mi kò rí òkun rí. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn ná, kí ẹ tó máa bi mí ní ìbéèrè. Sylvestre, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, tí ìyá rẹ̀ ń pè ní Ọ̀ṣọ́, kò fi ẹsẹ̀ tẹ etí òkun rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Síbẹ̀, ọdún mẹ́fà gbáko ló fi sin omi òkun bí ẹrú ní Wàgá níbí, níbi tí òjò pàápàá ti máa ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó rọ̀. Bí mo bá bi í pé ṣé kò wù ú kó lọ fojú ara rẹ̀ rí òkun, á ní, "Ìyá Agathe, kí ni mo tún ń lọ wò? Ṣebí òkun ló ń wọ ọkọ̀ wá bá mi."

Òótọ́ ni, ó ń wọ ọkọ̀. Mùsíò Raymond, Faransé kan tó ti ṣiṣẹ́ ní Djibouti rí, ló ni òtẹ́ẹ̀lì tí àwa méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́, nítòsí gare, ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ó ṣe àpótí dígí kan sí yàrá ìgbàlejò, ó gùn ju bẹ́ẹ̀dì méjì lọ, ó ga dé àyà mi. Ẹja òkun ló kó sínú rẹ̀, tí bàálù gbé wá láti Djibouti: aláwọ̀ aró, aláwọ̀ ìyeyè, àti àwọn pupa kéékèèké tí wọ́n ń sá sínú nǹkan kan tó jọ òdòdó ṣùgbọ́n tó jẹ́ ẹran abẹ̀mí. Òkúta òkun tó yọ ẹ̀ka bí igi náà wà níbẹ̀. Omi wọn ní tirẹ̀, Abidjan ló ti ń wá. Ní Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ̀ ojú irin máa ń gbé e dé, nínú ìgò ńláńlá tí wọ́n hun agbọ̀n mọ́ lára. Àwọn alágbàárù gare á pariwo, "Sylvestre, omi ẹ dé o!" Wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín, torí orí ta ló pé tí yóò máa ra omi tí kò ṣeé mu?

Ẹ̀yin náà rò pé iṣẹ́ kékeré ni, àbí? Ẹ jókòó. Ìlà pupa kan wà lára dígí náà tí ọkọ mi fi ọ̀dà fà. Ní àsìkò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ a máa mu omi náà, yóò sì lọ sílẹ̀ kúrò lára ìlà lójoojúmọ́. Omi lásán ló máa ń bù dípò rẹ̀, kì í ṣe omi òkun. Mo ní kí ló dé? Ó ní omi ló ń fò lọ, iyọ̀ kì í fò. Bí ènìyàn bá tún bu omi iyọ̀ lé e, ẹja á bá ara wọn nínú ọbẹ̀ tó níyọ̀ jù. Ìyẹn yé mi, mo ń se ọbẹ̀. Omi ẹ̀rọ ìlú náà kò sì ṣeé bù sí i lójú ẹsẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jókòó sínú ìkòkò fún ọjọ́ méjì, kí òórùn Javel, oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń dà sínú rẹ̀, tó kúrò lára rẹ̀. Bí iná mànàmáná bá lọ, pọ́ńpù á dákẹ́, ọkọ mi á gun orí àga, á máa fi igbá bu omi, á máa dà á padà láti òkè, kí ẹja lè rí afẹ́fẹ́ mí, títí iná á fi dé. Mo ti bá a níbẹ̀ tó ń dà á, tó ń sùn.

Iṣẹ́ náà kò mọ Ọjọ́ Ìsinmi, kò mọ Kérésìmesì. Iyọ̀ jẹ gbogbo ìka ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sán, wọ́n le bí èèpo igi. Tó bá dé ilé, ó lè sùn lọ pẹ̀lú òkèlè lọ́wọ́. Agathe, ọmọ wa, bi mí lọ́jọ́ kan pé ṣé ọ̀dọ̀ ẹja ni bàbá òun ń gbé, tó kàn ń yà kí wa ni. Mo rẹ́rìn-ín lójú ọmọ, àmọ́ inú bí mi dé ìdí.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn jù ni ìyá rẹ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ọdún mẹ́fà ni wọn kò fi ojú kan ọmọ wọn, torí kò sí ẹni tí yóò di àpótí dígí mú fún un. Tí oníṣòwò Nàgó kan bá ti ń bọ̀ ní Wàgá, Ìyá á fi ọ̀rọ̀ rán an: "Ẹ bá mi bi Ọ̀ṣọ́, ẹja ńkọ́? Ṣé wọn ò tíì dàgbà tó kí wọ́n dá wà ni?" A máa ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi á rẹ́rìn-ín tirẹ̀ tán, á sì dìde kúrò láàárín wa.

Èmi wá ni alágbàfọ̀ òtẹ́ẹ̀lì yẹn. Kì í ṣe pé mo ń fọ́nnu o, kò sí aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó funfun bíi tèmi láti gare títí dé ọjà. Ìdí nìyẹn tí ojú mi kò fi gba asẹ́ ọkọ mi. Lẹ́yìn àpótí dígí ló wà, àpótí kékeré tó kún fún iyanrìn, èédú àti òwú, tí pọ́ńpù ń fa omi gbà kọjá kí ó tó padà sọ́dọ̀ ẹja. Ẹ wo iyanrìn! Ó dúdú, ó ń yọ̀ bí ilá, ó ń rùn. Ọkọ mi kì í sì í fọ̀ ọ́. Ìwọ̀nba ẹ̀kúnwọ́ kan ló ń ṣàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, inú omi ẹja tó ti gbó ló sì ń ṣàn án sí. Ó ní, "Ìgbẹ́ ẹja májèlé ni fún ẹja. Àwọn nǹkan kan wà nínú iyanrìn yìí tí ojú ò rí, àwọn ló ń jẹ májèlé náà. Ìdọ̀tí yìí ló ń fọ omi."

Mo pàtẹ́wọ́, mo ní, "Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrọ̀ mọ́! Bàbá Agathe, ẹ kúkú sọ pé ẹ ò fẹ́ fọ̀ ọ́."

Ó ní, "Ọkọ tìrẹ ò tíì kú o. Fi asẹ́ mi sílẹ̀."

Ọdún kẹrin òmìnira ni, nínú ọyẹ́, Mọ́rúfù, oníṣòwò aṣọ, ti Ṣábẹ̀ẹ́ dé. Kò jókòó. Ó ní, "Sylvestre, Ìyá ò jẹun mọ́. Gbogbo ọkùnrin tó bá wọlé ni wọ́n ń pè ní Ọ̀ṣọ́. Wọ́n pe èmi náà bẹ́ẹ̀. Bí o bá máa bá wọn láyé, má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́."

Ọkọ mi lọ bá Mùsíò Raymond. Ìyẹn ní d'accord, òun gbà, ṣùgbọ́n ta ni yóò tọ́jú ẹja? Èmi ni mo dáhùn láti ẹnu ọ̀nà, aṣọ tútù lọ́wọ́ mi. Mo ní èmi ni. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kọ́ mi: ìlà pupa, omi inú ìkòkò, igi dígí tó ń léfòó tó ń wọn iyọ̀, ìwọ̀n oúnjẹ. Nígbà tó gun lọ́rì tó ń lọ Parakou, níbi tí yóò ti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ Ṣábẹ̀ẹ́, kò sọ pé ó dàbọ̀. Ó yọ orí jáde, ó ní, "Ìyá Agathe, asẹ́! Má fọwọ́ kàn án."

Ọjọ́ karùn-ún ni mo fọwọ́ kàn án.

Kí ni kí n sọ? Ẹ̀ṣù kọ́, ọwọ́ mi ni. Mo ń wo ìdọ̀tí yẹn láràárọ̀, mo rò ó pé ó ti rẹ ọkọ mi ni kò fi fọ̀ ọ́ mọ́, pé tó bá dé, yóò bá asẹ́ rẹ̀ tó mọ́ tónítóní, yóò sì rí i pé ẹnì kan bá òun gbé díẹ̀ nínú ẹrù náà. Ìfẹ́ ni mo fi ṣe é. Mo kó iyanrìn jáde, mo fi ọṣẹ bó o, mo fi Javel sí i, mo ṣàn án lẹ́ẹ̀meje, mo sá a sí oòrùn. Ó funfun bí èlùbọ́ gbágùúdá. Mo kó o padà, mo kí ara mi kú iṣẹ́. Àṣejù, bàbá àṣetẹ́.

Ní ọjọ́ kẹta sí i, mo dé, mo bá gbogbo ẹja lókè omi tí wọ́n ń la ẹnu. Ọ̀kan nínú àwọn aláwọ̀ ìyeyè ti fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Yéè! Mo gbé! Mùsíò Raymond sọ̀kalẹ̀ wá pẹ̀lú aṣọ ìwẹ̀ lára, ó wo omi, ó wò mí, ó bi mí pé kí ni mo ṣe. Ọ̀rọ̀ ò dùn lẹ́nu ìyá olè. Mo ní mi ò mọ̀. Ó jókòó, ó kọ tẹligíráàmù sórí ìwé, ó kà á sí mi létí: ẹja ń kú, padà lónìí. Ó kó owó rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n sáré lọ sí la poste, ilé ìfìwéránṣẹ́.

Mo sáré lóòótọ́. Mo tò sórí ìlà. Ènìyàn méjì ló kù níwájú mi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. Bí lọ́rì kò bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, a jẹ́ pé ọjọ́ kẹrin rẹ̀ nílé ìyá rẹ̀ nìyí. Ọjọ́ mẹ́rin nínú ọdún mẹ́fà. Mo sì mọ ọkọ mi. Tó bá gba ìwé yẹn, yóò dìde. Yóò bẹ Ìyá, yóò sì dìde, torí kò mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí ẹja kú. Ọkùnrin tó jókòó lẹ́yìn fèrèsé na ọwọ́, ó ní kí n mú ìwé wá. Mo ní, "Barka, ẹ ṣé o, mo gbàgbé nǹkan kan." Mo jáde. Ìwé náà, mo ká a, mo fi í pamọ́ sí ìsàlẹ̀ àpò aró búlúù tí mo fi ń fọ aṣọ. Owó rẹ̀, mo sọ ọ́ sínú àpótí ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò jẹ nínú rẹ̀.

Mo padà, mo ní ó ti lọ.

Mo wá jìyà. Omi òkun tó wà nílẹ̀, mo fi ń pààrọ̀ ti inú àpótí díẹ̀díẹ̀. Mo dúró de ọkọ̀ ojú irin ní Ọjọ́bọ̀ bí ẹni ń dúró de dókítà, mo ru ìgò pẹ̀lú àwọn alágbàárù. Apá ń ro mí, iyọ̀ wọ ibi tí ọṣẹ ti bó lọ́wọ́ mi. Nígbà náà ni mo mọ ohun tí ọkọ mi fi ọdún mẹ́fà gbé. Ẹja ń kú síbẹ̀. Àwọn ìyeyè tán. Àwọn aláwọ̀ aró tẹ̀ lé wọn, èyí tó tóbi jù ló kẹ́yìn. Àwọn pupa kéékèèké inú òdòdó nìkan ló kù. Mùsíò Raymond á jáde láràárọ̀, á bèèrè pé ṣé Sylvestre kò tíì dé, á sì bú wa tìyátìyá ní Faransé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé kí ọkọ mi tó dé. Ó ti fá orí. Nígbà tí mo rí orí yẹn, mo mọ̀ pé Ìyá ti lọ.

Mùsíò Raymond kò jẹ́ kó sọ ẹrù kalẹ̀. Ó ní, "Mo fi tẹligíráàmù ránṣẹ́ sí ọ! Ṣé kò dé ni?"

Ọkọ mi wo àpótí dígí. Ó rìn lọ sẹ́yìn rẹ̀, ó wo asẹ́, ó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo èmi. Ilẹ̀ ni mò ń wò.

Ó ní, "Ó dé, patron. Mo kà á. Mo fi í sápò."

Mùsíò Raymond ní kó máa lọ, kó má padà síbẹ̀ mọ́. Ọkọ mi ní ó dára. Ó gbé ẹrù rẹ̀, a jáde. Kò bínú, kò ṣàlàyé. Ó kàn ń rìn bí ẹni tí ó ti rẹ̀ tipẹ́tipẹ́.

A kọjá gare. Mo ní, "Bàbá Agathe, ẹ dárí jì mí. Èmi ni mo…"

Ó ní, "Mo mọ̀. Ta ló tún lè fọ iyanrìn funfun báyẹn ní Wàgá?"

Mo bú sẹ́kún. Mo jẹ́wọ́ ti tẹligíráàmù náà, bí mo ṣe ká a, ibi tí mo fi í pamọ́ sí. Ó dúró lójú ọ̀nà. Ó bi mí pé ọjọ́ wo ni. Mo sọ ọjọ́ náà. Ó kà á lórí ìka ọwọ́ rẹ̀ tó ti sán, ó tún un kà.

Ó ní, "Nígbà tí mo dé, Ìyá pè mí ní Ọ̀ṣọ́. Àmọ́ wọ́n ń pe gbogbo ènìyàn ní Ọ̀ṣọ́, mi ò mọ̀ bóyá èmi ni. Bẹ́ẹ̀ la wà. Ọjọ́ keje, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n fi àtàǹpàkò wọn pa á káàkiri, ó pẹ́. Wọ́n wá ní, 'Ọ̀ṣọ́, ẹja ńkọ́?'"

Ọjọ́ keje. Ká ní mo fi ìwé yẹn ránṣẹ́, inú lọ́rì ni ì bá wà.

Mo ní, "Kí lẹ wá sọ fún wọn?"

"Mo ní ẹja wà dáadáa. Ìyá ní, 'Ó dára. Kí wọ́n jẹ́ kó o sùn.' Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Ìyá ti lọ."

Ọjọ́ keje yẹn gan-an ni mo gbẹ́ ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ, tí mo sin ẹja aláwọ̀ aró tó tóbi jù. Mi ò sọ ìyẹn fún un. A dé ilé. Ó bọ́ bàtà, ó na ara sórí ẹní, kò dìde títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Agathe fẹ́ lọ jí i kó wá jẹun. Mo ní kó fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀.