Màmá Tó Fà Mí Yọ Nínú Òjò Dídì

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní jọ́gíráfì ní Ìsọlọ̀, tí mò ń ya àwòrán òkè àti òjò dídì sójú pátákó fún wọn. Mi ò fojú ara mi rí òjò dídì rí. Bí ọmọ kan bá bi mí bó ṣe máa ń rí lára, màá dáhùn bí ẹni tó ti sùn nínú ẹ̀.

Nígbà tí ọmọ mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Kánádà ní kí èmi àti ìyá rẹ̀ wá lo oṣù kan lọ́dọ̀ òun, inú mi dùn ju ti ìyàwó mi lọ. Ìlú kékeré kan láàárín àwọn òkè gíga ló ń gbé. Ìgbà òtútù la débẹ̀, gbogbo ilẹ̀ sì funfun. Ọmọ Èkìtì ni mí, àárín òkè ni mo dàgbà sí. Mo wo àwọn òkè yẹn láti ojú fèrèsé, mo sọ fún ìyàwó mi pé, “Àwọn yìí ò le tó tiwa.”

Màmá òyìnbó kan ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọmọ mi. Opó ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, gbogbo ọjọ́ Sátidé ló sì máa ń gun òkè nínú òjò dídì. Ọmọ mi bẹ̀ ẹ́ pé kó mú mi dání lọ́jọ́ kan, ó sì gbà tayọ̀tayọ̀. Ó bá mi wá bàtà tí wọ́n fi ń rìn lórí òjò dídì. Kì í ṣe bàtà gan-an. Ohun pẹrẹsẹ kan ni, ó fẹ̀ bí ajọ̀ tí wọ́n fi ń jọ èlùbọ́, ó ní eyín irin lábẹ́. Abẹ́ bàtà téèyàn wọ̀ ni wọ́n máa ń dè é mọ́, kí ẹsẹ̀ má bàa rì. Ó tún fún mi ní ọ̀pá méjì tí màá máa fi ti ilẹ̀.

Ká tó gbéra, ó sọ̀rọ̀ kan fún mi, ó sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. “Ibi tí mo bá tẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa tẹ̀. Ẹ má sún mọ́ ìdí igi kankan. Òjò dídì ibẹ̀ ò ki, ihò ló wà lábẹ́ àwọn ẹ̀ka yẹn.”

Mo ní mo ti gbọ́.

Níbẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ń tẹ bàtà ẹsẹ̀ òsì, mo sì ṣubú lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mọ̀ pé ṣe lèèyàn máa ń ya ẹsẹ̀ rìn. Màmá dúró dè mí, kò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú. Nígbà tá a dé ibi tí ọ̀nà ti tẹ́jú díẹ̀, mo kọjá lára rẹ̀, mo ṣíwájú. Mò ń sọ lọ́kàn mi pé ìyá arúgbó ò lè máa ṣamọ̀nà mi lórí òkè.

Igi ńlá kan wà níwájú, òjò dídì bo gbogbo ẹ̀ka rẹ̀. Mo fẹ́ ya fọ́tò lábẹ́ ẹ̀, kí n fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù Wọ́ọ̀sáàpù àwa tíṣà. Mo gbọ́ tí màmá ń pè mí. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ìṣísẹ̀ kẹta ni ilẹ̀ já lábẹ́ mi. Mo rì dé abíyá. Òjò dídì ń ya wọ ọrùn mi, bàtà fífẹ̀ yẹn sì há sábẹ́ ẹ̀ka, mi ò lè gbé ẹsẹ̀. Bí mo ṣe ń jà ni mò ń rì sí i. Èdè Èkìtì ni mo fi ń ké, tí mò ń pe ìyá mi tó ti kú.

Màmá dé, ó dojú bolẹ̀, ó na ọ̀pá rẹ̀ sí mi. “Ẹ di ọ̀pá mú. Ẹ rọra.” Mi ò di ọ̀pá mú. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo gbá mú, mo sì fi gbogbo agbára mi fà á. Ọrùn ọwọ́ náà dún. Etí mi gbọ́ ọ. Màmá mí kanlẹ̀, kò pariwo. Ó fi ọwọ́ kejì gbẹ́ òjò dídì kúrò títí ó fi tú okùn bàtà mi, ó wá ní kí n máa rá jáde díẹ̀díẹ̀. Bí mo ṣe yọ nìyẹn.

Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni pé, “Fóònù mi ti bọ́ síbẹ̀.”

Ó fi ṣíkáàfù rẹ̀ so ọwọ́ kọ́ ọrùn, ó sì ṣíwájú mi sọ̀kalẹ̀. Egungun ti kán. Ọ̀sẹ̀ tó kù tá a lò níbẹ̀, ìyàwó mi ló ń gbé ọbẹ̀ lọ fún un. Èmi sọ pé òtútù ń mú mi, mi ò jáde.

Lọ́jọ́ Sunday àkọ́kọ́ tá a padà sílé wa ní Àjàó Estate, àwọn tíṣà mẹ́ta wá kí wa. Ọ̀kan ní, “Sà, ẹ sọ̀rọ̀ òkè fún wa o.” Ìyàwó mi ń gbé mọ́ọ̀tì wọlé lọ́wọ́. Mi ò pète ohun tí mo sọ.

“Màmá òyìnbó kan ló já sí ihò,” mo ní. “Èmi ni mo fà á yọ.”

Ìyàwó mi gbé tíréè kalẹ̀, ó wò mí, ó padà sí kíṣìnnì.

Ọ̀rọ̀ náà ò dúró síbẹ̀. Nígbà tí mo fi máa sọ ọ́ fún ẹgbẹ́ ọkùnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Àgọ́ Palace, mo ti pọn màmá náà sẹ́yìn sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ó tó oṣù kan lẹ́yìn náà, alága ẹgbẹ́ ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ wá sílé wa. Fóònù ìyàwó mi dún lórí tábìlì, ọmọ wa ló ń pè. Mo gbé e, ojú rẹ̀ sì yọ lórí fóònù. “Dádì, ẹ wo ẹni tó wà lọ́dọ̀ mi!” Ó yí fóònù padà. Màmá ni. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń fi ìka jó. Ó ní wọ́n ti tú simẹ́ńtì tí dókítà fi di ọwọ́ òun, ó wá bi mí bóyá ìbẹ̀rù ihò yẹn ti kúrò lára mi.

Alága gbọ́ gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Nígbà tí fóònù kú, ó rọra béèrè pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé màmá tẹ́ ẹ pọ̀n nìyẹn?”

Mo fẹ́ purọ́ míì. Ìyàwó mi jókòó ní tòsí, mi ò lè wojú rẹ̀. Mo ní, “Mi ò pọ̀n ọ́n. Èmi ni mo já sí ihò. Òun ló fà mí yọ, èmi ni mo sì kán an lọ́wọ́.”

Ìyàwó alága tẹjú mọ́ ilẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dìde, wọ́n kí wa pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo pe ọmọ mi, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó wá ní, “Dádì, kò sẹ́ni tó mọ̀ ládùúgbò yìí pé ẹ̀yin ni. Màmá sọ fún gbogbo èèyàn pé ẹsẹ̀ òun ló yọ̀. Màmá ní àlejò ni yín, ojú á tì yín.”

Èmi lo orúkọ obìnrin yẹn láti fi gbayì, òun sì fi ara rẹ̀ ṣe arúgbó aláìlera kó lè bò mí láṣìírí.

Mo bẹ màmá lórí fóònù. Ó ní ó ti tán. Mo tún lọ bá àwọn tíṣà yẹn àti ẹgbẹ́ ọkùnrin, mo tún ọ̀rọ̀ mi sọ. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan ò mọ ibi tí wọn yóò wò. Ní báyìí, màmá àti ìyàwó mi ti di ọ̀rẹ́, wọ́n máa ń pe ara wọn. Bí ìyàwó mi bá na fóònù sí mi, màá kí màmá, màá béèrè ọwọ́ rẹ̀, màá sì tètè dá fóònù padà.