Ìgbà Tí Bàbá Fòfin De Ọwọ́ Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Máfolúkù, tí mo bá nawọ́ sókè báyìí, bàálù tó ń bọ̀ wá balẹ̀ á dúró sójú ọ̀run títí n ó fi jẹ ẹ̀bà mi tán. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ọwọ́ lágbára nílé wa.

Sìkírá, àbúrò mi, ló fà á. Ibà líle kan ló dí i létí nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjì. Àwa ọmọ ilé bá ń fọwọ́ bá a sọ̀rọ̀, a sì fọwọ́ sọ gbogbo èèyàn lórúkọ. Tó o bá kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, Ìyá wa lò ń pè, nítorí ilà ojú wọn. Tó o bá nu imú, Bàbá ni, nítorí aṣáà tí wọ́n máa ń fín. Bàbá ò mọ̀ o.

Ẹnì kan sọ fún Bàbá níbi iṣẹ́ pé ọwọ́ á sọ ẹnu ọmọ náà dọ̀lẹ. Wọ́n bá fòfin dè é: "Ẹni tó bá tún fọwọ́ bá a sọ̀rọ̀, á kúnlẹ̀!"

Ìyá fi orúkọ mi pè wọ́n, wọ́n ní, "Bàbá Sùlè, ta ni yóò wá máa bá a sọ̀rọ̀?"

Ọjọ́ kejì ni mo kúnlẹ̀, ọwọ́ méjèèjì lókè. Ọwọ́ tó wà lókè kẹ̀, ta ni ò ní rí i? Mo fìka sọ fún Sìkírá pé dòdò wà nínú ìkòkò. Ó bú sẹ́rìn-ín, mo jẹgba mọ́ ìkúnlẹ̀.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, Sìkírá kì í rẹ́rìn-ín mọ́. Ní ọ̀sán Jímọ̀ kan, ó ń sunkún gidi. Bàbá ń bi í níbi tó ń dùn ún, ẹnu ò lè sọ ọ́, ó sì ti jókòó lé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ìyá fa ọwọ́ náà yọ. Kíá ló fìka sọ fún wa: kòkòrò ti wọ̀ ọ́ létí. Ìyá fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan án jáde.

Sìkírá bá kọjú sí Bàbá, ó nu imú.

"Kí ló ń nu imú fún?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ló ń pè, Bàbá. Orúkọ yín nìyẹn."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n ti ń wá ilé ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní èdè ọwọ́, tí wọn ò sì pa ẹnu tì. Bàbá fúnra wọn náà kọ́ ọ, bí ìka wọn tilẹ̀ le bí orógbó.

Lónìí, ọmọ ọmọ mi kan wà ní Òkè-Àfà tí kì í gbọ́ràn dáadáa. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ sí i létí, àwọn òbí rẹ̀ ń kọ́ èdè ọwọ́, wọ́n sì ń wo èyí tó bá a lára mu. Láyé tiwa, ta ní ń bi ọmọ léèrè ohun tó bá a lára mu?

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo bu iyọ̀ sí i níbì kan. Bàbá ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ẹkún ni wọ́n sun.