Kámẹ́rà Tí Kì Í Dún

Ẹ̀rín ọmọkùnrin tó ta kámẹ́rà náà fún mi ti pọ̀ jù. Mi ò fẹ́ràn kí ẹni tó ń ta ọjà àlòkù máa rẹ́rìn-ín. Ó ní oṣù mélòó kan péré lòun fi lò ó, ó ní òkè òkun lòun ń lọ. Ní Àkúrẹ́ wa yìí, gbogbo ẹni tó ń ta nǹkan ló ń lọ sókè òkun. Mi ò tíì pàdé ẹyọ ẹnì kan tó sọ pé nǹkan ọ̀hún ló fẹ́ bàjẹ́.

Mo kọ̀ láti wọ ilé wọn ní Ijapo. Ìta gbangba ni mo ní kó gbé e wá bá mi, lójú oòrùn, kí n lè rí gbogbo ara rẹ̀. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú lẹ́ǹsì, mo mì ín létí mi, mo tún gbóòórùn rẹ̀, nítorí kámẹ́rà tó bá ti wọ omi rí máa ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ. Mo béèrè páálí, ó mú un wá. Mo béèrè rìsíìtì, ó mú un wá. Ìyẹn gan-an ló wá jẹ́ kí ara túbọ̀ fu mí. Ọ̀dọ́ wo ló ń tọ́jú rìsíìtì?

"Pe ìyá ẹ jáde," mo ní.

Ìyá náà jáde, ọwọ́ wọn kún fún ọṣẹ. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀.

"Owó uṣẹ́ rẹ̀ ló fi rà á," ni wọ́n wí. "Àbí ọmọ mi jọ olè lójú yín ni?"

Mo ní rárá o, kò jọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo ní kí wọ́n bá mi fọwọ́ sí ìwé.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó tẹ bọ́tìnnì láti dán an wò, mi ò sì gbọ́ nǹkan kan. "Ẹ ò rí i? Ó ti kú!" ni mo pariwo. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní irú èyí kì í dún àfi tí èèyàn bá fẹ́ kó dún. Ó yí ẹ̀yìn kámẹ́rà náà sí mi, mo sì rí fọ́tò ìyá rẹ̀ níbẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń fi ojú burúkú wò mí, gbogbo rẹ̀ mọ́ kedere títí dé orí ọṣẹ ọwọ́ wọn. Mo sanwó.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi lo kámẹ́rà tí mo ní tẹ́lẹ̀. Òun ni mo fi ń ya fọ́tò pélébé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, òun ni mo sì ń gbé lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Tó bá dún, ọmọ ọlọ́jọ́ mẹ́jọ á ta gìrì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Àwọn àgbà ní tiwọn, bí wọ́n bá ti gbọ́ "kàá" àkọ́kọ́, ojú wọn á le, wọ́n á dà bí ẹni tí ọlọ́pàá ní kó dúró. Ọdún pọ̀ tí mo ti ń wá irú kámẹ́rà tuntun yìí. Ẹni tó bá bi mí pé kí ló dé, mo máa ń sọ pé mo kàn fẹ́ kẹ́ ara mi ni. Irọ́ ni.

Nígbà tí bàbá mi kú ní Òndó, a wá fọ́tò wọn tì. Èmi tí mò ń ya gbogbo ayé, mi ò ya bàbá tèmi. Èyí tí a rí, ibi ìpàdé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n ti yà á. A gé wọn jáde láàárín èrò, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọkùnrin kan ṣẹ́kù sórí èjìká wọn, a ò rí i yọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wà lára pósítà káàkiri ìlú, tàwọn ti ọwọ́ ọlọ́wọ́. Àwọn èèyàn á ka orúkọ àwa ọmọ nísàlẹ̀, wọ́n á ní, "Ṣé kì í ṣe èyí tó ń ya fọ́tò ní Àkúrẹ́ nìyí?" Ojú tì mí. Ó ṣì ń tì mí.

Mo búra pé kò ní rí bẹ́ẹ̀ fún ìyá mi. Ohun tí mo fẹ́ kò ju fọ́tò kan ṣoṣo, tó dáa, tó jọ wọ́n, nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè. Ṣùgbọ́n láti ìgbà ìsìnkú yẹn ni ìyá mi kò ti jẹ́ kí n gbé kámẹ́rà sí àwọn mọ́.

Ìfura loògùn àgbà, àmọ́ ìyá mi ti ń lo oògùn yẹn láti kékeré. Wọ́n á ra iyọ̀, wọ́n á tọ́ ọ wò kí wọ́n tó gbà pé iyọ̀ ni. Bí pásítọ̀ bá ń gbàdúrà fún wọn, ojú kan ni wọ́n ń dì. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti jogún tèmi, mi ò lè bínú sí wọn.

Ọjọ́ Sátidé ni mo wọkọ̀ lọ sí Òndó. Mo bá wọn ní ìta ilé, wọ́n ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí sínú àwo. Mo kí wọn, mo jókòó, mo gbé kámẹ́rà lé itan bí ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́kàn.

"Kí nìyẹn?"

"Kámẹ́rà tuntun ni, Màámi. Mo ní kí n fi hàn yín."

"O ti fi hàn mí. Gbé e sínú báàgì."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀ wọ́n. Mo ní ẹyọ kan péré ni. Mo ní ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán yẹn dára, kí wọ́n kàn sún síwájú díẹ̀. Ìyá mi, tó ti fi ogójì ọdún ránṣọ, gbé orí sókè.

"Ọma mi, tẹ́lọ̀ kì í dédé wọn èèyàn. Kí lẹ fẹ́ rán fún mi?"

Mo tún ní ẹyọ kan péré ni. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá bínú gidi. Wọ́n ní àwọn mọ̀ wá, pé a ti jókòó ṣèpàdé ní Àkúrẹ́, a ti yan aṣọ, ó ku kí òkú ó kú. Wọ́n na ọwọ́ tó mú ẹ̀gúsí sí mi, ojú wọn ń dán, eyín wọn tó ṣí sílẹ̀ níwájú hàn gbangba. Láyé mi, mi ò rí arẹwà tó tó bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ mi ti wà lórí bọ́tìnnì. Mo tẹ̀ ẹ́, kò dún.

Mo tún jókòó dáadáa. Ìyá mi wò mí.

"O ti ṣíwọ́ ẹ̀bẹ̀," ni wọ́n wí. "Kí lo rí gbà?"

Ta ló lè parọ́ fún irú ìyá yẹn? Mo gbé e fún wọn. Wọ́n wo fọ́tò ara wọn pẹ́. Mo rò pé wọ́n á rẹ́rìn-ín.

"O jí mi yà," ni wọ́n wí. "Pa á rẹ́. Ojú mi báyìí ni kí o ti pa á rẹ́."

Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n ń ṣọ́ àtàǹpàkò mi. Mo pa á rẹ́. Ojú kámẹ́rà ṣófo.

"Ṣé kò sí òmíràn níbì kankan?"

Káàdì méjì ló wà nínú kámẹ́rà yìí. Ohun tó bá ya sí ọ̀kan, ó ń yà á sí èkejì, kí iṣẹ́ oníṣẹ́ má bàa ṣòfò bí ọ̀kan bá bàjẹ́. Ọ̀kan péré ni mo pa rẹ́.

"Kò sí mọ́, Màámi."

Mo ń retí kí wọ́n wádìí. Mo ń retí kí wọ́n ní kí n búra, kí wọ́n gba kámẹ́rà náà, kí wọ́n yẹ abẹ́ rẹ̀ wò bí èmi náà ti ṣe. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n mí kanlẹ̀.

"Ó dáa. O lè parọ́ ṣùgbọ́n o ò parọ́. Mo gbà ọ́ gbọ́."

Wọ́n dìde wọlé. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ti wọ àrán wọn, wọ́n ti wé gèlè, wọ́n sì ti fi ìpara pa ojú. Wọ́n gbé àga síbi tí mo ti ní kí wọ́n sún sí, wọ́n jókòó.

"Bó bá jẹ́ ti òkú náà ni, kó dáa," ni wọ́n wí. "Jẹ́ kó dún o, kí n lè gbọ́."

Mo tan ìró rẹ̀. Ó dún, ojú wọn kò sì le rárá. Wọ́n wò mí tààrà, bí èèyàn ṣe ń wo ọmọ tí kò ní já a kulẹ̀.

Fọ́tò tí wọ́n ti wọ àrán náà wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi báyìí. Àwọn oníbàárà máa ń dúró síwájú rẹ̀. "Ìyá yín fẹ́ràn yín o," wọ́n á ní, "ẹ wo bí wọ́n ṣe ń wò yín." Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì máa ń wá ibòmíràn wò.