Ọjọ́ tí Mo Ka Gbèsè Ọkọ Mi fún Àlejò

Bí òórùn gàrí tó fẹ́ jóná bá ti kàn mí nímú, ọkùnrin kan tó gbé báàgì aláwọ dání ni mo máa ń rántí. Ìdí ààrò ni mo wà ní Òkè-Ṣópẹ́n nígbà tó wọlé. Ìgbà tí wọ́n ń ti Ìbàdàn ṣàkóso gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn ni. Akọ̀wé ni ọkọ mi ní ọ́fíìsì káńsù wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Akọ̀wé náà ni gbogbo wa sì ń pè é, èmi ìyàwó rẹ̀ pàápàá.

Gbèsè kan ṣoṣo ló wà lọ́rùn Akọ̀wé. Ó yá owó lọ́wọ́ oníṣòwò gẹdú kan ní Iwopin láti fi kan páànù sórí ilé ìyá rẹ̀ ní Japara, ó sì ń san án díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi ti fi ọ̀rọ̀ ológò dẹ́rù bà mí. Láyé tiwọn, olówó á rán ológò wá, onítọ̀hún á tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè, á máa jẹ, á máa mu, á máa bú tọkọtaya títí owó á fi pé. Ìyá ní ọgbọ́n kan ló ń lé e: "Má sọ pé ẹ lówó o. Ka gbèsè fún un. Tó bá rí i pé èrò pọ̀ níwájú òun, á ká ẹní rẹ̀."

Àlejò kí mi dáadáa. "Ìyàwó, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ baálé yín ni mo bá wá. Ṣé ó ń jẹ gbèsè?"

Ológò ti dé nìyẹn! Mo wo báàgì náà bóyá inú rẹ̀ lè gba ẹní.

"Ọ̀gá, ẹ jókòó." Mo tètè gé ètè jẹ. "Rárá o, ẹ má jókòó! Èwo la fẹ́ kà níbẹ̀? Aláṣọ ń wá a. Alápatà ń wá a. Télọ̀ tó rán agbádá iléyá fún un, ẹ̀yìnkùlé ni Akọ̀wé ń gbà sá fún un."

"Ṣé ó ń ta tẹ́tẹ́ ni?"

"Ó ń ta á, kì í sì í jẹ."

Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bó ṣe ń kọ ọ́ ni mo ń fi kún un. Ó dúpẹ́, ó lọ. Gàrí mi ti jóná, síbẹ̀ orin ni mo ń kọ.

Nígbà tí Akọ̀wé dé, mo fi ìgbéraga ròyìn fún un. Ó jókòó sórí odó. Ó ní iṣẹ́ kan lòun ń wá ní Ìbàdàn, láti máa tọ́jú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń ti ìwé àṣírí ìjọba mọ́. Wọ́n máa ń rán ènìyàn wá wádìí, nítorí ẹni tí gbèsè há lọ́fun lè ta ìwé fún ẹni tó bá lówó lọ́wọ́.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Wọ́n ní àṣírí ni."

Ó gba ìwé lọ́wọ́ onígẹdú, ó gbé e lọ sí Ìbàdàn, láti fi hàn pé gbèsè kan péré lòun jẹ. Wọ́n gbà á gbọ́. Wọ́n ní gbèsè páànù kò burú, ta ni kò jẹ ẹ́? Wọ́n wá ṣí fọ́ọ̀mù tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nígbà tó ń béèrè iṣẹ́ náà. Níbi tí wọ́n ti béèrè gbèsè, ojú ti tì í, ó ti kọ ọ́ pé òun kò jẹ ẹnikẹ́ni. Irọ́ mi ló lọ fa irọ́ tirẹ̀ jáde. Wọ́n ní kó máa lọ sílé. Káńsù ló wà títí ó fi fẹ̀yìn tì.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo gbà. Akọ̀wé ti lọ, Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Páànù Japara ti dípẹtà. Bí òjò bá ń rọ̀ lé e, mo máa ń rò ó jẹ́jẹ́: ìjọba ní ẹni tó lè pa àṣírí mọ́ làwọn ń wá. Ọkùnrin tó fi iṣẹ́ pamọ́ fún aya, tó tún fi gbèsè pamọ́ fún ìjọba, ibo ni wọ́n ti tún fẹ́ rí ẹni tó jù ú lọ?