Àwo Iyán Ọjọ́ Jímọ̀

Mo fi eyín mẹ́ta tó ṣẹ́kù sí mi lẹ́nu búra, òótọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí mo bá purọ́, kí iṣu mi má ta lọ́dún yìí, kí ìyàwó mi sì máa se ọbẹ̀ láìfi iyọ̀ sí i títí n ó fi kú.

Ẹ mọ Imorou, àbí? Imorou tó ń fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sí ọrùn agbádá ní Bantè, tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́bàá títì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Wahab ará Ṣakí tó ń ta epo ọkọ̀. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ó mọ ikùn rẹ̀, nítorí ikùn yẹn ló máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ṣe bí i. Nígbà tí òun àti Boukari ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì wà lóko bàbá wọn ní Koko, tẹ́ẹ́rẹ́ ni Imorou, bí igi tí iṣu ń fà lé. Á ru iṣu dé Bantè, á tún sáré padà kí ìrì tó gbẹ lórí ewé. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́, òórùn iṣu sísun, ohùn ìyá wọn tó ń pè wọ́n wálé láti ìsàlẹ̀ òkè, gbogbo rẹ̀ ṣì máa ń padà bá a nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Bó bá ti dé báyìí, abẹ́rẹ́ á dúró fúnra rẹ̀.

Boukari ò kúrò lóko ní tirẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni gbígbẹ, tó le bí igi ayan. Gbogbo Jímọ̀, bó bá ti kírun tán ní Bantè, ilé àbúrò rẹ̀ ló ń yà sí, kí àwọn méjèèjì jẹ iyán nínú àwo kan, lórí ẹní kan. Irùngbọ̀n Imorou ò tíì hù tí wọ́n ti ń bá a bọ̀. Boukari á kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, Imorou á tẹ̀ lé e. Ẹran tàbí wàgásì, wàrà àwọn Fúlàní yẹn, tó bá kan Boukari lọ́wọ́, á rọra sún un síwájú àbúrò rẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹran yẹn ni ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n láti bí ọdún méjì, orúnkún Imorou ti ń kọ ẹrù. Bó bá jókòó sílẹ̀, àfi kí wọ́n wá ẹni tí yóò fà á dìde. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó lórí àpótí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lórí ẹní. Ẹ gbà mí o! Àbúrò lókè, ẹ̀gbọ́n nílẹ̀! Bí Imorou bá wolẹ̀, fìlà Boukari ló ń rí, kì í rí ojú rẹ̀ mọ́. Boukari ò sì sọ nǹkan kan. Àìsọ nǹkan kan yẹn gan-an ló ń jẹ Imorou lára. Ó pinnu lọ́kàn pé òun yóò fọn tí òun yóò fi lè padà sórí ẹní yẹn.

"Bàbá Nabil, ọ̀rọ̀ kékeré nìyí!" Wahab ló sọ bẹ́ẹ̀, orúkọ ọmọ Imorou ló fi ń pè é. "Mo rí i lórí fóònù mi. Ẹ má jẹ ju ẹgbẹ̀rin kàlórì lọ lójúmọ́. Ẹyin kan, omi gbígbóná, ọsàn wẹ́wẹ́. Kí oṣù tó parí, ẹ ó máa fò bí àparò."

"Kí ló ń jẹ́ kàlórì?"

"Agbára inú oúnjẹ ni. Bí epo tí mo ń tà yìí ni. Èyí tí ọkọ̀ ò bá jó, inú táńkì ló máa dúró sí."

Imorou wo ara rẹ̀ nílẹ̀. "Táńkì mi kún."

Ó gbìyànjú. Lọ́jọ́ kẹta, ó rán apá aṣọ ọrùn ara rẹ̀ mọ́ agbádá ọkọ ìyàwó kan, abẹ ni wọ́n fi já a sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ìyẹn, òórùn dùndún gba ojú fèrèsé wọlé, Imorou sì gba ẹnu ọ̀nà jáde. Lọ́dọ̀ ẹni tó ń dín in ni Saratou ìyàwó rẹ̀ ti bá a, tí epo ń kán lágbọ̀n rẹ̀.

"Bàbá Nabil, ṣé ẹyin lẹ̀ ń jẹ yẹn?"

"Ẹyin ni. Ó ti pa."

Saratou ò rẹ́rìn-ín. Ó mú un lọ sí Savalou, lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Chimène, ọmọ Mahi tó kọ́ Yorùbá wa díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu àwọn aláìsàn. Ó gbé Imorou gun òṣùwọ̀n: kílò méjìléláàádọ́fà. Ó bi í ní gbogbo ohun tó ń jẹ, títí kan tíì onímílíkì àárọ̀, àti kajú tó ń jù sẹ́nu nídìí ẹ̀rọ.

"Ẹgbẹ̀rin? Bàbá, ìyẹn ò tó ọmọ iléèwé!" ni Chimène wí. "Ohun tẹ́ ẹ̀ ń jẹ báyìí sún mọ́ ẹgbẹ̀ẹ́dógún. Ẹ gba ẹgbẹ̀wá lójúmọ́. Ẹ jẹ iyán yín, kó má ju ìkúùkù kan àbọ̀ lọ. Epo ọbẹ̀, ṣíbí kan. Kajú, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń rà á. Ẹ ó máa fi ìdajì kílò dínkù lọ́sẹ̀."

"Ìdajì kílò! Ìyẹn ò tó òròmọdìẹ."

"Ṣé ọjọ́ kan lẹ fi kó o jọ ni? Èyí tẹ́ ẹ lè máa ṣe lọ ni mo fún yín, Bàbá, kì í ṣe èyí tí dùndún máa gbà mọ́ yín lọ́wọ́."

Ó yé e. Àárín ọ̀sẹ̀ sì ń lọ geere, Saratou ń fi ìkúùkù wọn iyán. Àmọ́ Jímọ̀ ńkọ́? Ta ní í wọn iyán nínú àwo ẹni méjì? Ẹran ń dé láti ọwọ́ Boukari bí ẹni pé ó ní ẹsẹ̀. Kéèyàn kọ ẹran tí ẹ̀gbọ́n sún síni, ó kúkú sàn kó gbá a létí. Kó sì gbé àwo tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó ti yọ ara rẹ̀ nínú ẹbí nìyẹn. Imorou ń jẹ ẹ́, Jímọ̀ kan sì ń gbé gbogbo ohun tí ọ̀sẹ̀ dínkù mì.

"Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi," ni Saratou wí. "Inú odó ni n ó ti dín in kù."

Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, iyán tó gbé kalẹ̀ fún àwọn ọkùnrin méjì kò ju èyí tí wọ́n fi ń tan ọmọdé lọ. Boukari wo àwo, ó wo òrùlé, ó bu òkèlè méjì péré, ó fọ ọwọ́. "Mo ti yó." Ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, alùpùpù kan dún lẹ́nu ọ̀nà. Iṣu tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn ò rí Boukari tó ń wá a bọ̀ láti Koko.

"Imorou! Ìyà ń jẹ ọ́, o ò lè sọ fún mi? Ìyàwó rẹ ń gún iyán bí ẹni ń gún oògùn!"

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ìyà. Mo fẹ́ fọn ni."

"Kó o fọn lọ síbo?"

"Sórí ẹní. Ó ti sú mi kí n máa jókòó lé yín lórí."

Boukari jókòó sórí ìdì iṣu kan.

"Mo rò pé o ti di ẹni ńlá ni. Mo ní ìlú ti gba àbúrò mi, ẹní ò yẹ ẹ́ mọ́. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ mi fi ń yára sún ẹran sí ọ, kó o má bàa kúrò nídìí àwo náà."

Boukari yíjú sí Saratou. "Ìyá Nabil, gún iyán wá. Gún un bí èèyàn."

Nígbà tí iyán dé, Boukari fi ìka tó kéré jù fa ìlà kan kọjá láàárín rẹ̀. "O rántí?"

Imorou rántí. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá wọn ń ṣe bí wọ́n bá ń jà lórí oúnjẹ ní Koko. Ìhà Imorou ló máa ń kéré, nítorí òun ni àbúrò, á sì máa sunkún pé ìlà wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ó tún wọ́ sí ọ̀dọ̀ mi."

"Ó wọ́ nígbà náà, ó sì wọ́ lónìí. Jẹun, jàre." Ó sún ẹran ẹyọ kan sí i. "Tòní nìyẹn. Èmi tí egungun mi ń hàn ni n ó jẹ ìyókù."

Láti ọjọ́ náà, kò sí Jímọ̀ tí ìlà kì í là á. Nígbà tí iṣu tuntun fi jáde, kílò méje ti lọ lára Imorou. Kò di tẹ́ẹ́rẹ́ Koko o. Ṣùgbọ́n ní Jímọ̀ kan, ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí sẹ́yìn, ó di ògiri mú, ó rọra sọ ara rẹ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ kan ká, èkejì nà gbọọrọ dé ẹnu ọ̀nà. Imorou gbójú sókè, ó rí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àgbà ti dé sí ojú náà láàárín ọdún méjì, òun ò sì mọ̀.

"Káàbọ̀," ni Boukari wí. "Ta ni yóò wá gbé ọ dìde?"

"Ẹ jẹ́ ká jẹun ná, Ẹ̀gbọ́n."

Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ ni mo ṣe sọ ọ́, àfi kílò méje yẹn. Márùn-ún ni. Méjì yòókù, èmi ni mo fi ẹnu bá a yọ ọ́.