Ọkọ̀ Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Ìyá Wa

Ọdún tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu bàbá mi ni mo lọ gbé wọn kúrò ní Awoye wá sílé mi ní Igbokoda. Apẹja ni wọ́n. Ọwọ́ ọ̀tún tí wọ́n fi ń fa àwọ̀n láti kékeré náà ni àrùn ọ̀hún rọ. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ tíṣà mi dé, màá bá wọn lórí àga níwájú ilé, ọwọ́ náà á wà lórí itan wọn bí ohun tí ẹlòmíràn gbàgbé síbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò wọ́n ní kí wọ́n máa ká ìka kò, kí wọ́n máa nà án, kó má baà gan pátápátá. Ó fún wọn ní bọ́ọ̀lù rọ́bà kan pé kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n sọ ọ́ sódò. "Ṣé ọmọdé ni mo dà ni?"

Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lórí fóònù. Ilẹ̀ Japan ló wà, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gé ẹja sínú agolo. Bàbá kì í bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìyá wa kú, ìwé ìgbélùú ẹ̀gbọ́n mi kò tíì pé. Bó bá fi jáde, wọn ò ní jẹ́ kó wọlé mọ́. Kò wá sìnkú. Òun sì ni àkọ́bí, òun nìkan ni ọkùnrin. Ọdún mẹ́fà ni Bàbá kò fi gba ìpè rẹ̀.

"Géèmù kan wà níbí," ẹ̀gbọ́n mi wí, "ẹja ni wọ́n fi ń pa. Bọ́tìnì lèèyàn máa ń tẹ̀ tí yóò fi fà á jáde. Á mú kí wọ́n máa lo ọwọ́ náà dáadáa. Màá fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n má sọ fún wọn pé èmi ni."

Káàdì géèmù náà dé láti ọwọ́ ẹnìkan tó ń bọ̀ wálé. Kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe irú géèmù bẹ́ẹ̀, èyí tí àbúrò rẹ̀ rà fún un láti Amẹ́ríkà, ó sì yá mi. Káàdì náà wọ ojú ihò rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rọ náà kọ síta ni pé òun kò lè lò ó. Mo yọ ọ́, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i lára, mo tún un kì bọ̀ ọ́. Ohun kan náà ló kọ.

Mo gbé e lọ bá ẹni tó ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá èbúté.

"Kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú méjèèjì, Àǹtí," ó wí. "Ti Amẹ́ríkà ni ẹ̀rọ yìí, ti Japan ni káàdì. Àwọn tó ṣe wọ́n ló ní kí wọ́n má gba ara wọn láyè."

"Ṣé kò ṣeé ṣí ni?"

"Èèyàn lè gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ó lè kú sí mi lọ́wọ́, ẹ sì ní kì í ṣe tiyín."

Mo dá ẹ̀rọ padà fún tíṣà tó ni ín. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dùn létí. "Ká sọ pé káàdì náà kò ní ìwé ìgbélùú nìyẹn."

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ó fi ẹ̀rọ tirẹ̀ gan-an ránṣẹ́, èyí tó fi ń ṣeré bó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ọ̀dà ti ṣí níbi tí àtàǹpàkò rẹ̀ máa ń wà. Èdè Japan ni gbogbo ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀. Mo ki káàdì náà bọ̀ ọ́, ó sì gbà á. Mo ń tẹ èyí, mo ń tẹ tọ̀hún, títí ọkọ̀ kan fi yọ lójú omi.

"Omi ibo nìyí?" Bàbá bi mí.

"Omi ilẹ̀ òkèèrè ni, Bàbá."

Wọ́n wò ó pẹ́. "Kò sí epo rọ̀bì lójú rẹ̀," ni wọ́n wí. "Bí tiwa náà ṣe rí nìyẹn nígbà tí mo fẹ́ ìyá yín."

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìka wọn kò gbọ́ràn. Ẹja á jẹ ìwọ̀, á sì lọ, wọn á pòṣé. Nígbà tó yá, àtàǹpàkò bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bọ́tìnì, díẹ̀díẹ̀. A fi ojú mọ àwọn lẹ́tà ọ̀hún láìlè kà wọ́n. Èyí tó dà bí ìgèrè ẹja tí a dojú rẹ̀ dé, bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, gbogbo ẹja tó ti pa ti lọ nìyẹn. Ó ṣẹlẹ̀ sí Bàbá lẹ́ẹ̀kan, wọn ò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n pè mí. "Wá ka èyí fún mi."

Wọ́n ti ṣèèṣì wọ ibi tí a kò dé rí. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà ló yọ gbàgàdà, wọ́n sì fi ABD kọ orúkọ sí i lára. Orúkọ ìyá wa ni. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tí ìyá tiwọn fi ń kẹ́ wọn ni, tí a kì í pè níta.

Mo kà á. Ọwọ́ Bàbá dúró.

"Tún un kà."

Mo tún un kà. 

"Bàbá, ẹ̀gbọ́n mi ló ni ẹ̀rọ yẹn," mo wí.

"Mo ti mọ̀. Ta ló kù tí ìwọ mọ̀ nílẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ irú ìwé báyìí? Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ó ń gbé ìyá rẹ̀ kiri." Wọ́n na ọwọ́ òsì sí mi. "Pè é fún mi."

Ẹ̀gbọ́n mi gba ìpè náà. Bàbá kò dárúkọ ìsìnkú rárá. "Ìjẹ wo lo fi ń mú ẹja dúdú ńlá inú géèmù yẹn?" ni wọ́n bi í. Ẹkún la gbọ́. Wọ́n dúró dè é.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má bínú."

"Mo ti bínú tó. Dá mi lóhùn ọ̀rọ̀ ẹja."

Láti ìgbà náà, wọn kì í jẹ́ kí ọjọ́ Ìsinmi kan kọjá kí wọ́n má bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọwọ́ náà kò padà di ọwọ́ tí ń fa àwọ̀n, ṣùgbọ́n wọ́n fi ń jẹ òkèlè púpurú fúnra wọn. Ní ọdún kejì, àrùn náà tún kọ lù wọ́n, wọn kò sì dìde mọ́.

Ìwé ẹ̀gbọ́n mi kò tíì pé títí di ìgbà náà. Lọ́jọ́ ìsìnkú, mo gbé fóònù sókè lẹ́bàá sàréè kó lè máa wò wá. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì já lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí a parí, ohun kan ṣoṣo ló bi mí.

"Ṣé ibẹ̀ gbẹ? Ṣé omi ò sí níbi tí ẹ tẹ́ wọn sí?"

Ilẹ̀ wa, bí èèyàn bá gbẹ́ ẹ díẹ̀, omi ló máa bá. Àwọn ọkùnrin ti fi korobá gbọ́n ọn títí, kò gbẹ.

Mo ní ibẹ̀ gbẹ dáadáa.